Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Àwòrán Nínú Fídíò Ẹ̀kọ́: Ta Ni Yóò Ṣe Àtúnṣe Rẹ̀?

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù tàbí fídíò, kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn lè fi ojú ka ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ń gbé fídíò ẹ̀kọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà pé ẹ̀rọ lè dá iṣẹ́ yìí ṣe láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ náà kò gbe èrò yìí. Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tí yóò kà á wò, tí yóò tún un ṣe, tí yóò sì ru ìnáwó rẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń dá lé lórí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àyẹ̀wò yìí dúró sí jù, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé ẹjọ́.

Láti orí fíìmù dé orí tẹlifíṣàn

Àwọn fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí àárín àwòrán ni adití àti ẹni tí ó ń gbọ́ràn jọ ń kà. Nígbà tí fíìmù olóhùn gbòde láti 1927, ọ̀rọ̀ kíkọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, adití sì di àlejò níbi tí òun náà ti jẹ́ onílé tẹ́lẹ̀. Emerson Romero, òṣèré adití tí wọ́n bí ní Havana ní ilẹ̀ Cuba, wà lára àwọn tí ìyípadà yìí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1947, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé fíìmù, ó ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ há àárín rẹ̀ fún àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà náà ní àbùkù tirẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti yọjú, àwòrán á dáwọ́ dúró. Edmund Boatner, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní West Hartford, gba ọ̀nà mìíràn. Orí àwòrán fíìmù gan-an ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí. Iṣẹ́ òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni ó bí òfin tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2, oṣù kẹsàn-án, 1958, tí ìjọba àpapọ̀ fi tẹ́wọ́ gba ìnáwó fíìmù àwọn adití. Ní 1962, wọ́n mú òfin náà gbòòrò dé orí fíìmù ẹ̀kọ́.

Ní ti tẹlifíṣàn, ilé iṣẹ́ WGBH ní Boston fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ètò oúnjẹ sísè Julia Child ní 1972. Gbogbo òǹwòran ni ó ń rí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí kò fẹ́ kò lè pa á. Ní 1976, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ya ìlà 21 nínú àmì tẹlifíṣàn sọ́tọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, 1980. Adití ni ó ní láti ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò tú ọ̀rọ̀ náà síta. Òfin 1990 ni ó gbé ẹrù yìí kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí ó fi di dandan pé kí tẹlifíṣàn tí ó bá fẹ̀ tó íǹṣì 13 ní ẹ̀rọ náà nínú láti oṣù keje, 1993. Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ èdè kíyè sí i pé lẹ́tà ńlá nìkan ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, nítorí pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò lè ya ìrù lẹ́tà kékeré bíi g àti p dáadáa. Ẹ̀rọ tí ìrù g ṣòro fún, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú ẹ àti ọ?

Fídíò yunifásítì àti ẹjọ́ tí ó tẹ̀lé e

Yunifásítì MIT kéde ní 2001 pé òun yóò fi ẹ̀kọ́ òun sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. YouTube fi àyè sílẹ̀ ní 2008 fún ẹni tí ó bá ní fáìlì ọ̀rọ̀ láti so ó mọ́ fídíò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, 2009, Ken Harrenstien, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Google tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, kéde ohun méjì. Èkíní ni pé ẹ̀rọ yóò máa gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni pé bí ènìyàn bá ti kọ ọ̀rọ̀ fídíò sílẹ̀ tán, ẹ̀rọ yóò bá a fi àkókò sí i. Èkíní ni gbogbo ayé pariwo rẹ̀. Èkejì ni ó wúlò jù fún olùkọ́, nítorí ènìyàn ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kàn ń tò.

Berkeley àti MIT wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní àǹfààní yìí ní 2009. Àwọn kan náà ni ẹjọ́ padà wá bá. Ní oṣù kejì, 2015, Ẹgbẹ́ Àwọn Adití ilẹ̀ Amẹ́ríkà pe Harvard àti MIT lẹ́jọ́ pé ọ̀pọ̀ fídíò wọn kò ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, àti pé èyí tí ó ní i kún fún àṣìṣe. Ní oṣù kẹjọ, 2016, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ètò ìdájọ́ kọ̀wé sí Berkeley pé fídíò ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò bá òfin mu. Lára ẹ̀sùn náà ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ kò péye. Ohun tí Berkeley ṣe ní oṣù kẹta, 2017 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ó kó fídíò tí ó lé ní 20,000 kúrò ní gbangba. Ẹni tí ó ń gbọ́ràn pàdánù, adití kò sì jèrè. Àwọn kan di ẹ̀bi ru àwọn tí wọ́n fẹjọ́ sùn. Ìdájọ́ yẹn kò tọ̀nà, torí pé yunifásítì ló yan kíkó kúrò dípò àtúnṣe. Harvard àti ẹgbẹ́ náà parí ìjà ní oṣù kọkànlá, 2019, MIT tẹ̀lé e ní oṣù kejì, 2020. Wọ́n gbà láti máa fi ọ̀rọ̀ tí ó péye sí fídíò tuntun, kí wọ́n sì ṣe ti àtijọ́ fún ẹni tí ó bá béèrè. Berkeley náà bá ìjọba ṣe àdéhùn ní oṣù kọkànlá, 2022.

Iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀

Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò díjú. Nọ́ńbà ni ó máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà àkókò tí ọ̀rọ̀ yóò yọ àti èyí tí yóò lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an, kí àlàfo ìlà kan tó tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà tí kò gbówó lórí lè ṣí i. Níbi tí olùṣàtúnṣe ti ń làágùn ni kí ó fi àmì ìdánudúró sí i, kí ó tún orúkọ ènìyàn àti ìlú kọ, kí ó pín gbólóhùn síbi tí òye ti pín, kí ó sì sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò hàn.

Nínú èdè Yorùbá, iṣẹ́ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ ìṣirò bá sọ nínú fídíò pé igba igbá ni oníṣòwò kan rà, tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sì gbé e jáde láìsí àmì ohùn, igba lọ́nà méjì ni adití yóò rí. Ẹni tí ó ń gbọ́ràn ní ohùn láti fi yanjú rẹ̀. Ojú nìkan ni adití ní. Ìdí nìyí tí àmì ohùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sábà ń kà sí ọ̀ṣọ́ inú ìdánwò, fi jẹ́ ara ẹ̀kọ́ níhìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì fi àmì sí i tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi fáìlì náà pamọ́ ní ìlànà UTF-8. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ àti ẹ́ lè yọ jáde bí àkọkúkọ tí kò sí ẹni tí ó lè kà á.

Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ó wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní, 2019, Ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí yíya abirùn sọ́tọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tì ní 2020, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì gbé ẹ̀kọ́ wọn lọ sórí fídíò, fóònù ni àwọn mìíràn fi yà á, láìsí ọ̀rọ̀ kankan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.