Olùkọ́ Tí Ó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Láti Ìgbà Lẹ́tà Dé Ìgbà Kọ̀ǹpútà

Bí káfíńtà bá ba àga jẹ́, a lè fi àga náà dá iná, kí a sì wá pákó mìíràn. Bí aránṣọ bá gé aṣọ sódì, ẹni tí ó ni aṣọ yóò bínú fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi ọdún mẹ́fà jókòó níwájú olùkọ́ tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ kò lè rí ọdún mẹ́fà náà gbà padà mọ́ láéláé. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn kíkọ́ àwọn olùkọ́ fi jẹ́ ọ̀ràn gbogbo ìlú, tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nìkan.

Èyí tí ó ṣòro jùlọ nínú ọ̀ràn náà ni ti olùkọ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá ní kí ó lọ jókòó sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún méjì, ta ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ tí ó ń kọ́, ta ni yóò sì bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀? Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, àìmọ̀ rẹ̀ yóò di àìmọ̀ àwọn ọmọ. Lónìí, àwọn tí ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ a máa sọ pé oògùn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ aládàpọ̀. Èyíinì ni pé kí òṣìṣẹ́ ka apá kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kí ó gba apá kejì lójúkojú lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó má sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń pè ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ìtàn rẹ̀ sì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún àwọn tí ó ń ra kọ̀ǹpútà fún òṣìṣẹ́ wọn lónìí.

Lẹ́tà ni ó ṣáájú. Ní ọdún 1840, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ owó ìfìwéránṣẹ́ di kọ́bọ̀ kan jákèjádò ilẹ̀ wọn, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé kíákíá ránṣẹ́ sí àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìkọ̀wé náà da ẹsẹ Bíbélì díẹ̀ kọ, yóò fi ránṣẹ́ padà, Pitman yóò sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó mú ètò náà yọrí sí rere ni pé lẹ́tà a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìlẹ̀kùn ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò gbé inú kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan, ìlẹ̀kùn náà ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ ní Nàìjíríà sì gbà wọlé nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ yìí. Nípa ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè nínú ìmọ̀ òwò ní ọdún 1944.

Ìtàn a máa rántí àwọn tí ó já a gbà bẹ́ẹ̀. Kì í sábà rántí ẹni tí ó sùn lórí ìwé nídìí fìtílà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí kò rí ẹni kan bi léèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ dojú rú, tí ó sì di ìwé náà sínú àpótí ní ọdún kejì. Àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ rédíò ní ilẹ̀ Yorùbá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá ìwé tí a tẹ̀ mu pẹ̀lú. Ìwé a máa sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ń kà á bá ní kò yé òun, ìwé kò ní ohùn kejì tí yóò fi dá a lóhùn.

Ọ̀ràn náà di ti ìjọba nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, iye àwọn ọmọ ilé ìwé sì fò láti nǹkan bíi 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó ju 811,000 lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ìlà Oòrùn àti ìlú Èkó tẹ̀lé e ní ọdún 1957. A lè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n a kò lè kọ́ olùkọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ni a mú wọlé padà láti wá kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba àpapọ̀ yàn ní ọdún 1959, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1960, ó fi hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó. Ìgbìmọ̀ náà kò rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan lè gba orílẹ̀-èdè là. Ó dámọ̀ràn pé kí yunifásítì tí a ó dá sílẹ̀ ní Èkó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa fi lẹ́tà kọ́ àwọn tí ó wà lọ́nà jíjìn. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1974 kí ẹ̀ka tí ó ń fi lẹ́tà kọ́ni níbẹ̀ tó dá sílẹ̀. Ní Zaria pẹ̀lú, Yunifásítì Ahmadu Bello ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ Àríwá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìṣòro náà wá kan gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láti Sókótó dé Calabar. Àwọn ọmọ tí ó wá ju iye tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ìjọba ti retí lọ. Ní ọdún kan náà ni a dá àjọ kan tí a ń pè ní National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, òfin tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní ọdún 1978. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó kọ́ àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n wà, láìmú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí Grade II ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì pinnu pé NCE ni yóò jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jùlọ fún olùkọ́, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ NCE ní ọdún 1990.

Ó dára kí a wo bí ètò náà ti ń rí ní ìgbésí ayé olùkọ́ kan. Kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó ń kọ́ ìwé kẹrin ní abúlé kan lẹ́bàá odò Benue. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé láti Kàdúná, a tẹ̀ ẹ́ ní ìpín ìpín, ìbéèrè sì wà ní òpin ìpín kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, ó kà nípa bí a ti í ṣe àlàyé ìdá nínú ìṣirò fún ọmọdé. Apá kan yé e, apá kan kò yé e, ó sì fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò yé e. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó ẹ̀kọ́ ní Makurdi, níbi tí òun àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdé olùtọ́nisọ́nà wọn. Níbẹ̀ ni ó gbé bébà tí ó fa ìlà sí jáde, tí ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Olùtọ́nisọ́nà náà mú ọsàn kan, ó là á sí mẹ́rin, ó sì ní kí ó fi hàn án bí yóò ti sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ṣì í sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ó mú ọsàn wọ kíláàsì tirẹ̀.

Nínú ìtàn kékeré yìí ni a ti lè rí ohun mẹ́ta tí ó gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ró. Èkínní ni ìwé tí ó ń kà nílé. Èkejì ni ìpàdé ọjọ́ Sátidé, nítorí ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kíláàsì ọjọ́ Ajé, níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń di ohun tí ọwọ́ mọ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá yọ ìwé kúrò, ìpàdé ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò lè kárí ohun tí ó yẹ kí a mọ̀. Bí a bá yọ iṣẹ́ kúrò, ẹ̀kọ́ di ohun tí a kọ́ sórí fún ìdánwò. Bí a bá sì yọ ìpàdé kúrò, obìnrin náà yóò dúró ti ìlà tí ó fà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kò ní rí ẹni tí yóò gba èsì rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ètò bẹ́ẹ̀ kò ní àbùkù. Ibi tí ìwé bá pẹ́ dé, tí ibùdó ẹ̀kọ́ bá jìn, tí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá yí olùtọ́nisọ́nà kan ká, ìpàdé di orúkọ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ wó ohun tí ó kọ́. Ní ọdún 1983 ni òfin dá yunifásítì ẹ̀kọ́ láti òkèèrè sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun dá a dúró. Ó di ọdún 2001 kí a tó tún un gbé dìde. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a tì í pa ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí a tún un ṣí, ó sì ti kọjá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ì bá ti jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú ti gba ọ̀nà yìí. Láti ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán ètò kan wò tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé gbé kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a ń pè ní IFADEM. Kọ̀ǹpútà wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ̀, ìpàdé àjùmọ̀ṣe, àti olùtọ́nisọ́nà tí ó wà nítòsí olùkọ́ ni ó gbé e ró. Ó yẹ kí a kíyèsí i pé àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìgbàlódé lọ́wọ́, síbẹ̀ wọn kò yọ ènìyàn kúrò.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àti àjọ kó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni èrò kan ti ń wọ inú àwọn tí ó ń ṣírò owó, pé fóònù ti tó, pé owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé jẹ́ ìnákúnàá. Fóònù lè gbé ìwé ẹgbẹ̀rún dé ibi tí ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ kò dé rí. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùtọ́nisọ́nà rí ojú ara wọn, bí iná bá wà, bí owó dátà bá sì wà. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí dé òpin, tí ẹnìkan kò dúró láti gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì mìíràn ni a rà, owó rẹ̀ ni ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ ra ẹ̀rọ tí ó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi owó ìpàdé ọjọ́ Sátidé ra á. Ọmọ tí ó jókòó ní iwájú kíláàsì kò mọ̀ bóyá orí bébà ni olùkọ́ rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ tàbí orí fóònù. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ìdá yé òun tàbí kò yé òun.