Ìlà Tó Ń Gòkè Lórí Káàdì Àbúrò Mi

Oṣù méje ni ìyá wa fi lóyún àbúrò mi. Kílò kan ààbọ̀ ni ọmọ náà wọ̀n. Ní abúlé wa ní Lágelú, àwọn kan gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n má tíì náwó sí ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé Màmá láyà, ara kan ara, ó sì fi aṣọ dì í. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín: ta ló ń pọn ọmọ síwájú? Èmi náà wádìí, mo sì rí i pé ìtàn méjì ló pàdé lára àbúrò mi.

Ìtàn kìíní ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Colombia, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ gbóná kò tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ní 1978, dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyà ìyá rọ́pò ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ọmú. Láti 2017 sí 2020, wọ́n dán ọ̀nà yìí wò fún ọmọ 3,211 ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tanzania àti ní Ilé-Ifẹ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n gbé àwọn kan sáyà ìyá kété lẹ́yìn ìbí. Àwọn yòókù dúró títí ara wọn fi balẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, ọmọ 12 nínú 100 ló kú nínú ìpín àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Àǹfààní náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ìtàn kejì, ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital, Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé déédéé láti ìgbà ìbí. Ó hàn sí i pé ìwọ̀n ọmọ máa ń dúró sójú kan kí ojú tó rí i pé ó ń rù. Ó ṣe káàdì tí ìlà ìwọ̀n ọmọ wà lórí rẹ̀, ó sì fi síkàáwọ́ ìyá. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìlà àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀. Inú Màmá máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá rí ọmọ aládùúgbò tó ti ń jókòó. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé bó bá pé oṣù mẹ́fà, ká kà á sí ọmọ oṣù mẹ́rin, nítorí ó fi oṣù méjì yá ju ọjọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí Màmá máa wo bóyá ìlà náà ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà: ó ń gòkè lóòótọ́.

Lónìí, àbúrò mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ṣì kéré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń sáré jù. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ṣe fi ọmọ tí a bí ní kékeré wé ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ gbé e lọ wọ̀n, kí ẹ sì fi í wé ara rẹ̀ lóṣù tó kọjá.