Ara Líle Kì Í Ṣe Ara Gígan

Ìbéèrè kan wà tí dókítà tó ń tọ́jú oríkèé kì í gbàgbé láti bi aláìsàn: bí ilẹ̀ bá mọ́ tẹ́ ẹ jí, ó máa ń tó ìgbà wo kí ọwọ́ yín tó ṣeé ká, kó tó ṣeé nà? Bó bá tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà á fura pé ọ̀rọ̀ náà ju ti oríkèé tó ń gbó lọ. Ẹ wá jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan tó ń kánjú gbé ìbéèrè yìí sí Yorùbá. Ó mọ̀ pé ohun tí kò bá ṣeé tẹ̀, ó le ni. Ó bá ní, "Màmá, ṣé ara yín máa ń le láàárọ̀?" Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́: "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ara le." Nọ́ọ̀sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sínú ìwé. Ìyá rò pé wọ́n kí òun ni, nọ́ọ̀sì rò pé wọ́n dá òun lóhùn ni, inú àwọn méjèèjì sì dùn.

Lédè wa, ara líle ni àlàáfíà. Inú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ìlera ti jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi "líle" pe ohun tó ń ṣe oríkèé tó kọ̀ tí kò ká, ó ti kí aláìsàn kú oríire àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ wà nílẹ̀, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu wa: gan. Ọrùn máa ń gan, ẹsẹ̀ máa ń gan, aṣọ tí sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gan pa. Gígan òwúrọ̀ ni mo máa kọ sínú ìwé tèmi, bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé girama ń pe ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ pé ẹnì kan ló jókòó ronú kàn wọ́n nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ láṣẹ lórí kíláàsì. Ohun tó bá kọ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ. Ta ló láṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná, níbi tí aláìsàn ti ń sọ ohun tó ń ṣe é fún ará ilé? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òṣùwọ̀n kan péré fún ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ àìsàn àti iṣẹ́ ilé: bí obìnrin kan kò bá lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kó sì yé ìyá náà láìtún béèrè, mi ò kà á sí èdè-ìperí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn tí dókítà oríkèé ń fura sí yẹn. Dókítà Alfred Baring Garrod ní Lọ́ńdọ̀nù ló fún un ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí dòní, rheumatoid arthritis, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1859. Ìdí orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí ohun tó ń ṣàn. Àwọn baba wa tó rí irú ìrora yìí tó ń kúrò ní èjìká bọ́ sí ọrùn ọwọ́ pè é ní àrìnká. Ti àwọn Gíríìkì ń ṣàn, tiwa ń rìn. A tún ní làkúrègbé, a ní aromọléegun. Orúkọ kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ìyàtọ̀, nítorí pé gbogbo ohun tó bá ti ń ro èèyàn ní oríkèé la máa ń kó sábẹ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí: orúnkún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn àgbẹ̀ tó kọ ebè títí di ọ̀sán, àti ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kejì, tó sì ń wú láìjẹ́ pé ó fi gbá nǹkan.

Ti ẹni kẹta yìí ni mò ń wí. Ó máa ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọkùnrin, kì í sì í dúró de ọjọ́ ogbó. Láàárín ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ọdún ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀. Ó fẹ́ràn ọrùn ọwọ́ àti oríkèé ìdí ìka àti ti àárín ìka. Èyí tó wà nítòsí èékánná, ó sábà máa ń fo ìyẹn. Bó bá mú ọ̀tún, kì í pẹ́ mú òsì. Aromọléegun, bí a bá tú u palẹ̀, ohun tó ń ro ọmọ léegun ni, bẹ́ẹ̀ eegun kọ́ ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn, yíjú padà sí awọ yìí, wọ́n ń bá a jà bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó dojú ìbọn kọ onílé tó ń san owó oṣù rẹ̀. Oríkèé á wú, á gbóná, bó bá sì pẹ́ láìrí ìtọ́jú, eegun náà á wá jìyà ìjà tí kò bẹ̀rẹ̀.

Làkúrègbé abárajà ni mo fẹ́ràn láti máa pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ní "bára jà" lè jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń bá ara wọn jà. Mo ní kó lọ fara balẹ̀, nítorí ohun tó gbọ́ yẹn náà kò jìnnà: ara ló ń bá ara jà.

Ṣùgbọ́n orúkọ lè ṣeni níjàǹbá. Nígbà tí éèdì kọ́kọ́ wọ ìlú, àrùn kògbóògùn la pè é, irọ́ kọ́ sì ni nígbà náà. Lónìí, ẹni tó ní kòkòrò HIV tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè gbé ayé kó sì dàgbà, síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń sọ fún un pé kó má wulẹ̀ lọ sí ọsibítù. A kò gbọdọ̀ tún irú rẹ̀ ṣe. Kò tíì sí oògùn tó ń wo làkúrègbé abárajà sàn pátápátá, àmọ́ oògùn tó ń dá ìjà náà dúró wà, bí aláìsàn bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tó ló ṣe ń gba oríkèé là tó. Orúkọ tó bá ti ní "kò gbọ́" tàbí "àìwòsàn" nínú, mo ti yọ ọ́ kúrò.

Mo gbóríyìn fún ẹni tó pe àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bí mọ́ àwọn ọmọ kan ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Orúkọ yẹn ti bá aláìsàn ṣàlàyé fún gbogbo ẹbí: bí ẹ bá rí i lónìí tó na gbalaja, tẹ́ ẹ sì rí i lọ́la lọ́jà, ẹ má pè é ní onírọ́. Ohun tí làkúrègbé abárajà náà nílò nìyẹn, nítorí òun náà ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó bá gbóná janjan, "ó ti ru" ni mo máa ń sọ. Nígbà tó bá fún èèyàn láyè, "ó ti dẹwọ́." Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo "dìde" fún ti àkọ́kọ́, kí n tó rí i pé nínú fòníkú-fọ̀la-dìde, aláìsàn ló ń dìde. Èèyàn kan náà kò lè máa dìde pẹ̀lú àìsàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù lọ kọ́ nìyẹn o. Èyí tó le jù ni rírẹ̀. Gbogbo ayé ló ń rẹ̀: awakọ̀ dé láti Ọ̀rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù, ó rẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn kan náà la ní fún gbogbo wọn, "Pẹ̀lẹ́, lọ sùn." Àárẹ̀ náà tún gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu àgbà, nítorí bí wọ́n bá ní Kábíyèsí ń ṣàárẹ̀, kì í ṣe pé ọba rin ìrìn àjò. Wàyí o, rírẹ̀ ti làkúrègbé abárajà wá láti inú ìjà tí ara ń jà lábẹ́lẹ̀. Oorun kì í pa á. Ó lè mú obìnrin ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Bó bá wá ní "ó rẹ̀ mí" ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ilé á bá a wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, kò sì ní ju ọ̀lẹ lọ.

Akọ àárẹ̀ ni mo dábàá. Ẹni tó bá ti gbọ́ akọ ibà rí mọ̀ pé kì í ṣe ibà tí ife àgbo kan ń lé lọ. Orí ìpìlẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni mo kọ́ ọ lé, ìyá ọkọ kò sì ní nílò ìwé atúmọ̀ èdè.

Ní Amẹ́ríkà, Christine Miserandino, tí àìsàn lupus, ìbátan làkúrègbé abárajà, wà lára rẹ̀, kọ ìtàn kan ní 2003 nípa bó ṣe kó ṣíbí jọ nílé oúnjẹ láti fi ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe ń tán: ṣíbí kan fún ìwẹ̀, ọ̀kan fún aṣọ wíwọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi tán kí ọjọ́ tó tán. Àwọn aláìsàn ilẹ̀ òyìnbó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ìyá ọkọ yín pé ṣíbí yín ti tán, á ní kẹ́ ẹ lọ fọ àwọn tó wà nínú báásín. Ohun tí Miserandino ń wí, àwa ní i tẹ́lẹ̀. Onígbàgbọ́ àti ẹni tí kò tẹ ṣọ́ọ̀ṣì rí ló mọ oúnjẹ òòjọ́, ìwọ̀n tó tó fún ọjọ́ kan, tí kò ní ṣẹ́kù dọ̀la. Ẹ jẹ́ ká ní agbára òòjọ́. "Mo ti ná agbára òòjọ́ mi sórí aṣọ, búrẹ́dì la máa jẹ lálẹ́ yìí." Mi ò rí ẹni tí gbólóhùn yẹn kò ní yé.

Nínú ilé ìdáná gan-an, àwa la lówó lọ́wọ́ ju èdè tí à ń túmọ̀ lọ. Ìwé dókítà á kọ "gbígbọ́ oúnjẹ," ó tán. Yorùbá á béèrè pé, ṣé gígún ni, àbí lílọ̀, àbí ríro, àbí títẹ̀, àbí gbígbo, àbí bíbó? Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ti sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ríro ọkà ń fẹ́ kí ìka di orógùn mú pinpin, kí ọrùn ọwọ́ sì máa yí ohun tó ń ki sí i (bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, ro, la fi ń sọ pé ọwọ́ ń ro wá). Títẹ ẹ̀bà rọrùn díẹ̀. Fífún aṣọ ló burú jù, nítorí ọrùn ọwọ́ méjèèjì ń yí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú agbára. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bi aláìsàn léèrè, kó má wulẹ̀ béèrè bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé. Kó béèrè pé, "Ṣé ẹ ṣì lè fún aṣọ, mà? Ṣé ẹ lè bó iṣu? Ìdérí ìgò ńkọ́?" Ìdáhùn á jáde wẹ́rẹ́.

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń lo ọwọ́ máa ń sọ ni pé kí oríkèé ńlá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oríkèé kékeré. Kí àpò ọjà wà ní ìgúnpá tàbí èjìká, kó má rọ̀ sórí ìka. Kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò, kó má jẹ́ etí ìkòkò ni ìka ń dì mú. Kí wọ́n ká aṣọ tútù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, kí wọ́n sì fi apá lọ́ ọ, tàbí kí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara báásín kí omi ro dànù. Mo pe gbogbo èyí ní ìṣọ́wọ́lò, nítorí ìṣọ́wóná ti wà lẹ́nu wa, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọwọ́ lò.

Ní 1990, Sam Farber, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tí ìyàwó rẹ̀ Betsey ní àìsàn oríkèé lọ́wọ́, gbé àwọn ohun èlò ìdáná OXO Good Grips jáde, èyí tí a fi rọ́bà ṣe ìdí wọn ní títóbi, tó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wo la máa ṣẹ̀dá fún ìyẹn? Kò sí. Èèkù la ní, èèkù ńlá ló ṣe. Ẹni tí kò lówó irú rẹ̀ lè gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, kó sì we é mọ́ èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ títí á fi kún ọwọ́.

Ti pé kí èèyàn máa pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, mo gbìyànjú orúkọ oríṣiríṣi, gbogbo wọn ló gùn jù. Mo fi í sílẹ̀ ní gbólóhùn: "Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín." Àwa kì í sinmi kó tó rẹ̀ wá, ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ nìyẹn.

Orúkọ oògùn, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà lára páálí. Methotrexate ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ máa ń kọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ni lílò rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè fi í pa ara rẹ̀. Níbí yìí, ìṣirò wa lè fa ewu. Ọjà ọrún-ọrún wa, ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ à ń pè é ní ọrún nítorí à ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí a bá sì kà á bẹ́ẹ̀, láti Ajé dé Ajé jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má kọ "lọ́jọ́ méje méje" fún ìyá tó mọ ìṣirò àtijọ́. Kó kọ ọ́ pé "Ọjọ́ Ajé nìkan." Níwọ̀n bó sì ti máa ń rẹ àwọn kan lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kí wọ́n má fi ìfọṣọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Iṣẹ́ ilé kan kù tí ìwé òyìnbó kò kà mọ́ iṣẹ́ ilé rárá: ìkúnlẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ìgbà náà gan-an ni orúnkún gan jù. Fóònù ti bá wa yanjú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìbàdàn ń sọ fún àǹtí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé, "Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà," àǹtí sì ń dá a lóhùn pé kó dìde. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní irọ́. Ìyàwó tí orúnkún rẹ̀ wú lè di férémù ilẹ̀kùn mú, kó sì wí bẹ́ẹ̀ lójúkojú: "Mo kúnlẹ̀ o, mà." Àwọn ìyá kan á kọ́kọ́ wo orúnkún náà. Àwọn mìíràn á ní, "Dìde, ọmọ mi," fún ẹni tó wà lórí ìdúró.