Bí Ènìyàn Ṣe Kọ́ Àpáta Líla

Òkúta akọ, irú èyí tó yọrí jáde láti Abẹ́òkúta dé Ìdànrè, le débi pé a lè kọ́ ilé alájà mẹ́wàá lé e lórí kó má mira. Ẹni tó bá ń fi òòlù lù ú ní àárín gbùngbùn lè lù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó má rí ju ẹ̀ta-iná lọ. Ṣùgbọ́n òkúta tó le tó báyìí sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò le sí fífà. Agbára tó lè fà á ya kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Orí àìlera kan yìí ni ọgbọ́n tí ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ àpáta dúró lé, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Lẹ́bàá ìlú Aswan ní Íjíbítì, òpó kan ṣì dùbúlẹ̀ nínú àpáta tí wọ́n ti fẹ́ gé e jáde ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 42, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà kò ní irin, bàbà ọwọ́ wọn kò sì ràn án. Òkúta dúdú roboto tó le ju òkúta akọ lọ ni wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń fi gún àpáta bí ẹní gúnyán, títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Reginald Engelbach, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ gún ibẹ̀ fún wákàtí kan: nǹkan bíi mìlímítà 5 péré ló gún kúrò. Lẹ́yìn gbogbo làálàá náà, òpó ọ̀hún sán níbi tí a bí i sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gún ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní, bí ojú ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá.

Iná ló kọ́kọ́ la ọ̀nà tó yá. Livy, òpìtàn ará Róòmù, sọ pé nígbà tí Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ń kó ọmọ ogun rẹ̀ kọjá òkè Alps ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n dáná ńlá sórí àpáta tó dí ọ̀nà, wọ́n sì da ọtí kíkan lé e. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọtí kíkan yẹn. Pé iná lè la àpáta kò ní àríyànjiyàn nínú. Georgius Agricola, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ṣàlàyé iṣẹ́ iná yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwakùsà, tó jáde ní 1556. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Oríṣi ẹ̀yà mélòó kan ló para pọ̀ di òkúta akọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni quartz tó ń dán bíi gíláàsì. Bí ooru bá dé ìwọ̀n 573 lórí òṣùwọ̀n Celsius, quartz a wú lójijì, àwọn ẹ̀yà yòókù kò sì ní wú bá a dọ́gba. Òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ ya láti inú. Bí a bá wá da omi tútù sí i, òde á sún kì nígbà tí inú ṣì gbóná, èèpo rẹ̀ á sì máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ iṣẹ́ òkúta láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ọlọ mọ òkúta tó dára àti èyí tí yóò tú sínú ata. Ẹ̀rí tó ga jù ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta akọ kan ṣoṣo tó ga ju mítà 5 lọ, tí ìṣó irin tó ju ọgọ́rùn-ún lọ wà lára rẹ̀. Wọ́n lu ihò sí i kí wọ́n tó fi irin kún un. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn mọ ibi tí sùúrù òkúta pin sí, nítorí irin tó bá há jù nínú ihò bẹ́ẹ̀ ìbá ti la ọ̀pá náà sí méjì.

Lílà yìí gan-an ni àwọn oníṣẹ́ òkúta níbòmíràn ń wá, èèkàn irin ni wọ́n sì fi rí i. Wọ́n á lu ihò sórí àpáta lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹnì kan á di irin ìluhò mú, á máa yí i díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkejì á máa lù ú. Bí ihò bá pé, wọ́n á ti ahọ́n irin méjì bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ki èèkàn kan sáàárín ahọ́n méjèèjì. Òòlù á máa lọ láti orí èèkàn kan dé òmíràn, ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní kánjú. Ohùn irin á máa ga sí i bó ṣe ń há. Lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ á dúró, á tẹ́tí. Òkúta á dún wẹ́rẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì gba ihò dé ihò. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi gé òkúta Quincy ní ìpínlẹ̀ Massachusetts fún òpó ìrántí Bunker Hill, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1825. Nínú gbogbo ọgbọ́n àpáta, òun ló fi ọ̀wọ̀ fún òkúta jù.

Ẹ̀tù ìbọn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 1627, Kaspar Weindl fi í fọ́ àpáta nínú kòtò ìwakùsà ní Schemnitz, tó wà ní Slovakia báyìí. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀tù yóò dúró dè é kó tó sá, nítorí koríko tàbí ìyẹ́ tí wọ́n ki ẹ̀tù sí ni wọ́n ń fi tanná sí i. Ọ̀pọ̀ ló kú tàbí tí ojú rẹ̀ fọ́. Ní 1831, William Bickford ní Cornwall ṣe okùn kan tí ẹ̀tù wà ní àárín rẹ̀, tí iná rẹ̀ ń rìn ní ìwọ̀n kan náà, òṣìṣẹ́ sì lè ka àkókò tó kù fún un. Kò gbajúmọ̀ tó Alfred Nobel tó ṣe dáínámáìtì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí tó gbà là kò kéré.

Nitroglycerine, ohun olómi tí Ascanio Sobrero ṣe ní 1847, lágbára ju ẹ̀tù lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìmìtìtì lásán lè mú un bú. Ní 1864 ó pa Emil, àbúrò Alfred Nobel, pẹ̀lú àwọn mìíràn ní Stockholm. Nobel wá pò ó mọ́ erùpẹ̀ kan tó ń fa omi mu, ó sì gba ìwé àṣẹ fún dáínámáìtì ní 1867.

Irú agbára yìí ló wúlò fún Èkó, ìlú tí kò ní àpáta tirẹ̀, tí iyanrìn sì ń dí ẹnu ọ̀sà rẹ̀ nígbà náà débi pé ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé; èbúté Forcados ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń gbà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba Arò ní Abẹ́òkúta kọjá, ibẹ̀ sì ni àpáta wà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi òkúta sẹ́nu ọ̀sà ní 1908, òkúta Ẹ̀gbá ni rélùwéè ń kó wá síbẹ̀. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tó bo àwọn Ẹ̀gbá mọ́ra lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn débẹ̀ ní 1830, wà níbi ọ̀wọ̀ rẹ̀; àwọn àpáta mìíràn ló lọ dènà òkun fún Èkó.

Ẹ̀rọ kúárì kò lé iná àti òòlù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, táyà àlòkù ni wọ́n ń sun lórí àpáta báyìí, èéfín rẹ̀ á sì dúdú bolẹ̀. Àwọn obìnrin á jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n á máa fi òòlù sọ òkúta di wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní páànù fún àwọn tó ń kọ́lé. Ekuru rẹ̀ ní quartz nínú, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Fún ẹni tí àpáta wà láàárín ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí, tí ilé aládùúgbò sì wà nítòsí, dáínámáìtì kò ṣeé dábàá. Òfin Nàìjíríà ti 1964 lórí ohun abúgbàù kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ará Japan gbé ìyẹ̀fun kan jáde, tí ẹfun sísun jẹ́ olórí èròjà rẹ̀. Wọ́n á lu ihò sí àpáta bíi ti èèkàn, wọ́n á fi omi po ìyẹ̀fun náà, wọ́n á dà á sínú ihò, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀. Kò ní dún, kò ní mú èéfín jáde. Á máa wú díẹ̀díẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, ìlà á ti la àpáta láti ihò dé ihò, dígà á sì máa yọ ọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.