Rọ́bà Abẹ́ 504: Ìtàn Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá ní kí àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó sọ ìtàn ọkọ̀ Peugeot 504 fún yín, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọkọ̀ náà le bí irin. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, n kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo dàgbà sí. Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkè-Àgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti máa ń lo ìsinmi ilé-ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé irin kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú lára 504. Rọ́bà ni. Rọ́bà kékeré tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tí a ń pè ní búṣì. Ìtàn rọ́bà yìí ni mo fẹ́ sọ, àti ìtàn ọwọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí mo gbà pé àwọn gan-an ló sọ 504 di ọkọ̀ tó le.

Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Òun ni wọ́n yàn ní ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá Peugeot tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn; nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún 1975 yìí kan náà ni 504 gba ipò kìíní nínú eré ìje ọkọ̀ Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà ẹrẹ̀ àti eruku tó jọ tiwa. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá ilé-ìwé, dókítà, oníṣòwò kòkó àti olówó pákó, gbogbo wọn ló ń fẹ́ 504. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe sàlúùnù rẹ̀ dúró ní Faransé ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tò ó lọ títí wọ àwọn ọdún 2000. Apá ìtàn tí ìwé máa ń sọ nìyí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ló ti máa ń parí. Kò bá ọkọ̀ náà dé ojú ọ̀nà.

Kí 504 tó dé, agbégilódò ti kọ́ àwọn ará ìlú wa níṣẹ́. Igi ni Ìjẹ̀bú-Igbó fi gbajúmọ̀. Igbó Ọmọ tí ìjọba fi àmì ààlà sí ní 1925 kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ àti àwọn igbó àyíká rẹ̀ ni ìtì igi ti ń bọ̀ wá sí àwọn ilé ìlagi. Bedford tí wọ́n ń ṣe ní Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ru igi wọ̀nyí. Síbríńgì rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Ojú ihò wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, búṣì àti píìnì irin sì wà nínú ihò náà. Irin ń yí nínú irin, nítorí náà gírísì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé láti fún un ní gírísì yóò gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí búṣì bá jẹ tán, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì, ẹni náà a sì gbẹ́ òmíràn. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n nílò ló wà nítòsí.

Ọ̀tọ̀ ni 504. Nínú sàlúùnù tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè tó ń dá sọ̀kalẹ̀, táyà kọ̀ọ̀kan ní apá irin tirẹ̀. Apá yìí so mọ́ irin ìdábùú tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ojú méjì, búṣì kan sì wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Búṣì 4 ni ti apá méjèèjì. Irin róbótó méjì ni búṣì náà, ọ̀kan wà nínú èkejì, rọ́bà sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ àárín wọn. Bí táyà bá já sí kòtò, rọ́bà náà a lọ́ díẹ̀, a sì tún padà sí ipò rẹ̀. Kò sí irin tó ń ha irin. Ìdí nìyí tí 504 fi ń rọra wọ́ lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ mìíràn ti ń fò. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún búṣì agbégilódò, májèlé ni fún èyí. Gírísì àti epo máa ń mú rọ́bà wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀bà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bedford ní láti kọ́ ọgbọ́n mìíràn nígbà tí wọ́n di ẹni àádọ́ta ọdún. Ọ̀gá wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ló máa ń wọlé fún búṣì ẹ̀yìn. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń ná Ìjẹ̀bú-Igbó, Òru àti Àgọ́-Ìwòyè. Ní 1982 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí a wá sọ lórúkọ Olabisi Onabanjo ní 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ẹrù pọ̀, awakọ̀ a sì kó èrò kún inú ọkọ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Èkejì ni àwọn tó ń bọ̀ láti Ogun Waterside, láti Abígí àti Ìwópin létí ọ̀sà. Ẹja ni wọ́n ń kó. Omi tó ń sẹ̀ nínú agbọ̀n ẹja á gba inú búùtù ọkọ̀ jò sísàlẹ̀, á sì mú kí bóòtù dípẹtà mọ́ inú búṣì. Ọ̀gá kì í béèrè ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bóòtù ló ń sọ fún un.

Àmì àìsàn náà kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ á máa dún gbì-gbì lẹ́yìn tó bá wọ kòtò. Táyà ẹ̀yìn á máa jẹ láti inú, nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì dán. Bí awakọ̀ bá sì fi ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lójijì, ìdí ọkọ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ọ̀gá á gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì, á fi ìtì igi líle láti ilé ìlagi tì í, á wá ti irin gígùn kan bọ àárín apá àti irin ìdábùú, á sì tì í. Bí apá náà bá mì, a ti mọ̀ pé iṣẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí inú iṣẹ́ gan-an ni ọgbọ́n wà. A ó tú ṣọ́ọ̀kì àti síbríńgì kúrò, a ó tú páìpù bíréèkì, a ó sì yọ apá náà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń finá sun búṣì àtijọ́ kó lè jáde. Ọ̀gá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní iná ń ba irin apá jẹ́. Ayùn irin ló ń fi la ìkarahun búṣì náà ní ojú kan, á wá fi òòlù lù ú jáde. Lẹ́yìn náà, a ó fọ ihò náà títí yóò fi dán. Omi ọṣẹ la fi ń pa búṣì tuntun kó lè yọ̀ wọlé, kì í ṣe epo. Fáìsì ńlá ló ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù: a kò gbọdọ̀ mú bóòtù le nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè. A ó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí apá wà ní ipò tó máa ń wà lójú ọ̀nà, kí a tó wá mú un le. Bí a bá mú un le lókè, rọ́bà náà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rin ìrìn àkọ́kọ́; kò ní pẹ́ tí yóò fi já. Ọ̀gá kò ka ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó rí i lára búṣì tó ti já ni.

Ìyà ọkọ̀ dé ní àwọn ọdún 1980. Ní 1982 ìjọba Ṣàgàrí kéde ìfowóṣọ́wó-ná. Ní 1986 ìjọba Babangida mú ètò SAP wá, náírà sì já wálẹ̀. Búṣì tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ohun olówó gọbọi. Ìgbà náà ni tòkunbọ̀ àti ayédèrú gba ọjà. Àwọn mẹkáníìkì kan gé táyà àtijọ́, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ di búṣì. Ó ń gbé ọkọ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n kò lè lọ́ kó sì padà. Olùkọ́ kan ní àdúgbò wa wà nínú 504 tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí òjò ń rọ̀. Táyà ẹ̀yìn yí ọkọ̀ náà padà ní kọ́nà láti ìhà Òru, ó sì wọ inú igbó. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti kọ̀ láti gbẹ́ búṣì láti ara táyà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà kan bínú, wọ́n sì lọ sí ibòmíràn.

Ohun kan wà tó máa ń jọ mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní oko rọ́bà tirẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà gbìn ín sí Ìkẹ́nnẹ́ àti Ilúṣin. Àwọn ènìyàn wa ń kọ igi rọ́bà ní àárọ̀, oje rẹ̀ ń ṣàn sínú ife. Ṣùgbọ́n búṣì tí a nílò, inú páálí tó ti òkè òkun wá la ti ń rí i, nígbà tí a bá lówó rẹ̀. A ní oje, a ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ibi tí wọn yóò ti so méjèèjì pọ̀ ni kò sí. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ètò ọrọ̀ ajé wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ní 504 le, kí la ń yìn? Wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 3 lọ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìpáǹtí tipẹ́tipẹ́ ní àwọn ìlú tí ọ̀nà wọn tẹ́jú ju tiwa lọ. Àwọn tó pẹ́ lọ́wọ́ wa, ọwọ́ ẹnìkan ló ń tún wọn bí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìdáǹdè lọ́dọ̀ wọn ti gun ọ̀kadà lọ. Ọkọ̀ tó wà lóde báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn ń ra apá rẹ̀ lódidi, búṣì rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ìwé àdéhùn 1972 kò lè sọnù, ìjọba ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìdí tí a fi ń mú bóòtù le lórí ilẹ̀, orí ènìyàn ló wà. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Abígí, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Kí ẹni tó ní ìwé àti gègé tètè lọ jókòó tì wọ́n, kó bi wọ́n léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tú, àti ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún tí búṣì wọ́n.