Másùnmáwo àti Họ́mọ̀nù Ara: Àpẹẹrẹ Àwọn Yorùbá Tamale, 1969

Họ́mọ̀nù ni àwọn èròjà tí àwọn ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà yòókù. Nígbà tí ewu bá dé, àwọn ni wọ́n ń múra ènìyàn sílẹ̀ láti jà tàbí láti sá. Ìmúrasílẹ̀ yìí wúlò fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ń ba ara jẹ́. Ohun tí ó dé bá àwọn Yorùbá ìlú Tamale, ní àríwá Ghánà, lọ́dún 1969 jẹ́ àpẹẹrẹ másùnmáwo irú èyí tí kì í tètè tán.

Ní ọdún 1915, Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ìyípadà tí ìrora, ebi, ìbẹ̀rù àti ìbínú ń mú bá ara. Nígbà tí àyà ènìyàn bá já, àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín a tú họ́mọ̀nù adirẹnálíìnì jáde: ọkàn a máa yára lù, ẹ̀dọ̀ a tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, dídà oúnjẹ a sì falẹ̀. Ní 1936, Hans Selye, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, ṣàkíyèsí pé ìyàtọ̀ ìyà tí ó fi jẹ àwọn eku kò yí ìdáhùn ara wọn padà: ẹ̀yà orí kíndìnrín wọn wú, inú wọn sì degbò. Ó pín in sí ìpele mẹ́ta: ìdágìrì, ìfaradà àti àárẹ̀ pátápátá.

Họ́mọ̀nù kejì, kọ́tísọ̀lù, ló ń ṣe pàtàkì jù nínú ìfaradà. Ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ kí a tú u jáde, òun náà ni ó sì ń dá a dúró nígbà tí ó bá tó. Bí ìdààmú kò bá lọ, àṣẹ náà kì í dáwọ́ dúró. Oorun a dínkù, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn a rẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè tẹ̀lé e.

Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti fìdí múlẹ̀ ní ọjà Tamale. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀.

Adirẹnálíìnì lè ran ènìyàn lọ́wọ́ láti di ẹrù. Kò lè gba gbèsè padà, kò sì lè tún ìsọ̀ kọ́. Ìdààmú irú èyí ń gba ọdún púpọ̀. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, tí àwọn ará Ghánà pọ̀ nínú wọn, ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nítorí náà, iye ọjà tí ó ṣòfò nìkan kò tó láti fi díwọ̀n irú àṣẹ bẹ́ẹ̀; ó yẹ kí a ka ìlera pẹ̀lú.