Wíwọn ọpọlọ ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde

Fòníkú-fọ̀ladìde ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá jọ fún un ní jíìnì S; òun ni wọ́n ń pè ní ọmọ SS. Ní àwọn abúlé tó yí Mọ́níyà, Láàlúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán ká ní agbègbè Ìbàdàn, ìrora egungun àti ojú tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni àwọn òbí fi ń dá a mọ̀. Láyé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní àbíkú. Ṣùgbọ́n àrùn yìí tún ń ṣe ọpọlọ léṣe níbi tí ojú kò ti rí i.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé máa ń há sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì tó lára ọmọ, nítorí náà ọ́síjìn tó ń dé ọpọlọ kì í pọ̀ tó. Ní 1998, Kwaku Ohene-Frempong, dókítà ọmọ Gánà, àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọ SS 11 nínú 100 ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Ọgbẹ́ ọpọlọ tí kò fi ara hàn tún wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ: ọwọ́ kò rọ, ẹnu kò wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lè má wọlé dáadáa mọ́. Tíṣà á ní olódo ni, àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni. Ìyà tí kò tọ́ sí ọmọ náà ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí wíwọn ọpọlọ fi ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Á ya àwòrán orí ní ìpele ìpele, bí ẹni ń gé búrẹ́dì, ìpele kọ̀ọ̀kan kò sì ju bíi mìlímítà kan lọ. Kọ̀ǹpútà á wá ya apá aláwọ̀ eérú sọ́tọ̀ kúrò lára apá funfun, á sì ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ọmọ SS sábà máa ń kéré lára, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọpọlọ rẹ̀ wé ìtóbi inú agbárí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó dára jù láti fi wé e ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ AA, ìyẹn ẹni tí kò ní S rárá, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà.

Ní 2005, olùwádìí R. Grant Steen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó tọ́ka sí i pé ìdàgbà ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí lè falẹ̀. Ní 2013, ìwádìí Jamie Kawadler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé àwọn apá kan tó jinlẹ̀ nínú ọpọlọ kéré, pàápàá lára àwọn tó ti ní ọgbẹ́ tí kò fi ara hàn.

MRI wọ́n, ọmọ kékeré kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Fún ọmọ àgbẹ̀ abúlé, àyẹ̀wò ìsáré ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní TCD ló súnmọ́ tòsí jù. Kò lè wọn ìtóbi ọpọlọ, ṣùgbọ́n ó lè ké gbàjarè kí ọgbẹ́ tó dé. Wọ́n á gbé irin iṣẹ́ kékeré lé ẹ̀bátí ọmọ, á sì wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó: iṣan tó bá ti fún ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sáré àsápajúdé. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ ti dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágúnjú àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára lóṣooṣù ni Amẹ́ríkà fi ń dènà ewu náà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, oògùn hydroxyurea ni wọ́n ń lò. Láti ọmọ ọdún 2 títí dé 16 ló yẹ kí wọ́n máa ṣe TCD, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.